Ọ̀rẹ́ Tí A Ò Mọ Orúkọ Bàbá Rẹ̀

Nígbà tí ọlọ́pàá bi Bruno Cortona bóyá ìbátan rẹ̀ ni ẹni tó kú sísàlẹ̀ ọ̀gbun yẹn, ohun tó rí sọ kò pọ̀. Ó ní Roberto lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní àárọ̀ àná ni àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Ibẹ̀ ni fíìmù tó ń jẹ́ Il sorpasso fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa pariwo báyìí pé a ti ba fíìmù jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ẹ má bínú. 1962 ló jáde. Fíìmù tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kò ní àṣírí tó ń fi pa mọ́ mọ́. Tí ẹ bá tiẹ̀ ti mọ ìparí rẹ̀ kí ẹ tó wò ó, á ṣì pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló máa wá dùn yín nígbẹ̀yìn.

Ìtàn rẹ̀ kò le. Dino Risi ló darí rẹ̀. Òun, Ettore Scola àti Ruggero Maccari ni wọ́n jọ kọ ọ́. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni ìtàn bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Ferragosto. Ọjọ́ náà ni ìjọ Àgùdà ń ṣe àjọ̀dún ìgbàsókè Màríà sọ́run, ṣùgbọ́n orúkọ ọjọ́ yìí dàgbà ju ìjọ Àgùdà lọ. Ọ̀dọ̀ Augustus, ọba Róòmù àtijọ́, ló ti wá, ẹni tó ya ìsinmi sọ́tọ̀ nínú oṣù tó ń jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀. Tó bá di Ferragosto, ìlú ńlá á dá páropáro. Ṣọ́ọ̀bù á tì, ilé oúnjẹ á tì, gbogbo ayé á ti gba etíkun lọ.

Nínú ìlú Róòmù tó dá bẹ́ẹ̀ ni Bruno (Vittorio Gassman) ti ń fi Lancia Aurelia rẹ̀ tó ṣí lórí yí kiri. Sìgá ló ń wá, fóònù ló ń wá. Ó gbójú sókè, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lójú fèrèsé: Roberto Mariani (Jean-Louis Trintignant), akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó jókòó ti ìwé nítorí ìdánwò. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pe nọ́ńbà kan. Roberto ní kó kúkú gòkè wá pè é fúnra rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí Bruno fẹ́ bá jáde ò dúró dè é, wọ́n ti lọ. Ló bá ní kí Roberto jẹ́ kí àwọn jáde lọ mu nǹkan díẹ̀, kóun fi dúpẹ́ oore. "Nǹkan díẹ̀" yẹn ló di ọjọ́ méjì gbáko. Ó di ọ̀nà Via Aurelia lọ sí àríwá, ó di ìlú Castiglioncello létí òkun Tuscany, ó sì di ikú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ nípa irú ìtàn báyìí kò ṣòroó mọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn: ọmọ tó ń kàwé jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ burúkú gbé e jáde, ó bá a lọ, ó kú. Ẹ ò rí i? Ká ní ó jókòó ti ìwé rẹ̀ ni! A ò gbà pé fíìmù tí Risi ṣe nìyẹn. Tó bá jẹ́ òun ló ṣe, kò ní gba gbogbo ìnáwó àti ìgbádùn tó kó sínú rẹ̀; ìwàásù ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ohun tó ń dààmú wa nínú fíìmù yìí ni pé ìgbádùn inú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Afẹ́fẹ́ yẹn fẹ́ ní tòótọ́. Òkun yẹn dára ní tòótọ́. Nígbà tí Roberto ń sọ lópin ìrìn àjò pé òun ò tíì rí ọjọ́ tó dáa tó méjèèjì yìí rí láyé òun, òótọ́ ló ń sọ, àwa tí à ń wò ó náà sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Kí la wá fẹ́ fi òótọ́ yẹn ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá já sínú ọ̀gbun?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ fíìmù. Il sorpasso ni ohun tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní ofatéèkì: kí ọkọ̀ ẹ̀yìn yà jáde, kó ré ọkọ̀ iwájú kọjá. Nígbà tí fíìmù náà dé Amẹ́ríkà, The Easy Life ni wọ́n pè é, orúkọ yẹn sì ba nǹkan jẹ́ díẹ̀, torí ayé ìrọ̀rùn lásán kọ́ ni Risi ń sọ. Eléyìí tó ń sọ ní ìdíje nínú. Kò sí ofatéèkì láìsí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Bruno kì í wakọ̀ kó tó ibì kan. Ó ń wakọ̀ kó má bàa wà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Fèrè ọkọ̀ rẹ̀, tó ń dún bí orin kékeré, kò fún ẹnikẹ́ni ní ìsinmi lójú ọ̀nà. Ó rí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ rẹ̀, ó pariwo mọ́ ọn pé kó lọ ra Vespa.

Gbólóhùn yẹn lè kọjá lára yín bí àwàdà lásán, àmọ́ ìtàn orílẹ̀-èdè kan ló wà nínú rẹ̀. Ní 1950, Luciano Emmer ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ Domenica d'agosto, nípa àwọn ará Róòmù tó lọ fi ọjọ́ Àìkú kan najú ní etíkun Ostia. Ogun àgbáyé kejì ò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Nínú fíìmù yẹn, wọ́n fún ara wọn pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn ọ̀dọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, gbogbo ẹbí gbé oúnjẹ lọ́wọ́. Ọdún méjìlá péré ló wà láàárín fíìmù yẹn àti ti Risi, kẹ̀kẹ́ sì ti di ohun ẹ̀sín. Kí ló ṣẹlẹ̀? Owó dé. Láti nǹkan bí 1958 sí 1963, ọrọ̀ ajé Ítálì ru gùdù débi pé iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n ń pè é. Fiat 600 jáde ní 1955, Fiat 500 kékeré tẹ̀ lé e ní 1957, àwọn tí bàbá wọn ò gun ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ wá di ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgà. Fìríìjì wọlé, tẹlifísàn wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ò tíì bá ọkọ̀ mu. Títì márosẹ̀ ńlá tó so Milan mọ́ Naples, 1964 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí Bruno ń sá eré lórí rẹ̀, ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ là ni, ó ti lé lẹ́gbàá ọdún, Via Aurelia lorúkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà sì ni wọ́n fún ọkọ̀ tó ń wà. Ọkọ̀ Aurelia lójú ọ̀nà Aurelia. Ẹ̀rọ tuntun lórí ọ̀nà àtijọ́: ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orílẹ̀-èdè yẹn ṣe rí ní 1962, kó wo ibẹ̀ yẹn.

Ohun kejì tó yẹ ká fetí sí ni ohùn inú. Roberto kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ síta, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ ohun tó ń rò. "Mo fẹ́ máa lọ sílé." "Kí ni mo ń bá ọkùnrin yìí ṣe?" Irú èrò bẹ́ẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń sọ pé kò burú, ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Roberto ni òwe yẹn ń bá wí. Ó ṣe é lójú pọ́n láti sọ "rárá" fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ta ni irú rẹ̀ ò ṣe rí? Wọ́n gbé ètò ìjáde kalẹ̀ nínú gúrúùpù WhatsApp, ìwọ mọ̀ nínú ọkàn rẹ pé owó ò sí, iṣẹ́ wà nílẹ̀, ara ò fẹ́. Ọwọ́ rẹ sì ti tẹ "mo wà ńbẹ̀". Ẹ tún wá gbọ́ ohun tó yani lẹ́nu sí i: ará Faransé ni Trintignant, ohùn Roberto tí à ń gbọ́ nínú fíìmù kì í ṣe tirẹ̀ pàápàá. Òṣèré mìíràn, Paolo Ferrari, ló yá a ní ohùn Ítálì. Iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ nínú fíìmù Ítálì ìgbà náà ni, kò sí àràmàǹdà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ìwà rẹ̀ mu ju bó ṣe yẹ lọ: ọmọkùnrin tí ojú rẹ̀ wà níhìn-ín, tí ohùn rẹ̀ wà níbòmíràn.

Bruno ńkọ́? A ò gbọ́ ohùn inú tirẹ̀ rí. Bóyá torí pé gbogbo ohun tó bá rò ló ń sọ ni, bóyá torí pé kò fẹ́ dá wà pẹ̀lú èrò ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Gassman pé ẹni ogójì ọdún lọ́dún tí fíìmù jáde, ó sì fi gbogbo ara ṣeré náà: ejìká, eyín, ẹsẹ̀ gígùn, ẹ̀rín tó ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ń sọ nípa L'eclisse, fíìmù Antonioni tó jáde lọ́dún yẹn kan náà, pé òun sùn nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbóṣùbà fún Antonioni nítorí ọkọ̀ tó ń wà. Àwàdà yẹn dùn. Ó tún ta sí àwọn bíi tiwa tó ń kọ̀wé nípa fíìmù, ó sì bá wa. Nínú ọkọ̀ kan náà ló ti gbé àwo orin Domenico Modugno sí i, orin nípa ọkùnrin kan tó wọ aṣọ òde tó dáa lọ pàdé ikú. Bruno fẹ́ràn orin náà. Ó ń gbọ́ ọ lórí eré.

Apá tó dára jù nínú fíìmù yìí, lójú tiwa, kì í ṣe ti etíkun. Ilé ẹbí Roberto ní ìgbèríko ni. Ibẹ̀ ni Roberto ti ń lo ọlidé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì kó gbogbo ìrántí dáadáa rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n yà síbẹ̀ kí àwọn àgbà. Kí ìkíni tó parí, Bruno ti rí ohun tí Roberto ò rí láti kékeré. Ó wo ìránṣẹ́kùnrin ilé, ó mọ irú ọkùnrin tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wo Alfredo, mọ̀lẹ́bí Roberto tó jẹ́ lọ́yà tó ń gbéraga kiri, ó wo alábòójútó oko, ó rí i pé ojú kan náà ni wọ́n ní, ó sì sọ fún Roberto láìbojúwẹ̀yìn pé bàbá ọmọ yẹn gan-an nìyẹn. Ìyàá Lidia wà níbẹ̀, àǹtí tí Roberto fi ọkàn ọmọdé fẹ́ràn nígbà kan. Bruno bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, obìnrin náà tú irun rẹ̀ tó ti ń dì pa sẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ó dúró lójú fèrèsé, ó tún un dì padà. Risi ò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Obìnrin kan tú irun, ó di irun, gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ti hàn.

Àwọn alámèyítọ́ fẹ́ràn láti máa fi ibí yìí yin Bruno: ẹ wo ojú rẹ̀ tó mú, ẹ wo bó ṣe ń já irọ́ àwọn ọlọ́lá. A gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ilé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìparí fíìmù. Ọkùnrin tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mọ bàbá Alfredo, tó jẹ́ ẹni tí kò kàn án rárá, lo ọjọ́ méjì pẹ̀lú Roberto, wọ́n jọ jẹun, wọ́n jọ wẹ̀ lókun, ó sì jókòó sí yàrá àlejò nílé ẹbí rẹ̀, kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ilé là á wò, ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Bruno wo ilé, ó rí gbogbo àléébù rẹ̀, kò béèrè orúkọ ọmọ. Ibí yìí ni ẹjọ́ fíìmù yìí wà, ní tiwa. Kì í ṣe ẹjọ́ eré àsápajúdé nìkan. Ojú tó mú kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ojú tó ń wò ọ́. Èèyàn lè mọ ohun tó ń pa ọ́ lára, kó mọ ẹni tí o fẹ́ràn, kó fi ẹ̀fẹ̀ tú gbogbo àṣírí rẹ lójú agbo, kó má sì mọ̀ ọ́.

Kí ẹ má bàa rò pé ti àwọn ará ìgbà yẹn nìkan ni, ẹ ka àwọn tí ẹ jọ wà nínú fọ́tò ìjáde yín tó kẹ́yìn. Orúkọ tí kálukú ń jẹ́ lórí Instagram, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ràn amala àti ẹni tó ń sá fún ẹja, ẹ mọ̀ wọ́n. Tí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, mélòó ni ẹ lè sọ fún ọlọ́pàá pé ọmọ ta ni, ta ni ká pè nílé rẹ̀? A ò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Irú ọ̀rẹ́ tí òpin ọ̀sẹ̀ ń bí ni, ó sì ní adùn tirẹ̀. Ohun tí Risi ṣe ni pé ó mú irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, ó gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ.

Ká wá dé etíkun. Castiglioncello ni ìlú tí Gianna, ìyàwó Bruno tó ti yà sọ́tọ̀, ń gbé pẹ̀lú Lilly, ọmọ wọn obìnrin (Catherine Spaak). Òru ni wọ́n dé. Ilẹ̀ mọ́, etíkun kún fọ́fọ́, orin twist ń dún, agbòòrùn àti bẹ́ẹ̀dì ìnàyìn wà káàkiri. Bruno wà lórí omi, ọkọ̀ ojú omi ń fà á, ó dúró lórí pákó bí ọba. Ó bá Bibì, ọkùnrin àgbàlagbà olówó tí Lilly ń fẹ́, ta bọ́ọ̀lù orí tábìlì, ó tẹ́tẹ́ owó sí i, ó jẹ. Gbogbo etíkun ń wò ó. Àwa náà ń wò ó. Ìgbà tí a fara balẹ̀ ni a tó rí i pé ẹni tó ń dá gbogbo ayé lára yá yìí, ilé tó wọ̀ lóru kì í ṣe ilé rẹ̀ mọ́, ọmọ tó bí ti dàgbà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí ọmọ náà yàn sì dàgbà ju òun bàbá lọ. Bruno bínú sí Bibì, ó ní àgbàyà ni. Lilly ò bá a jà púpọ̀. Ọkùnrin tó ń wà nílé ló fẹ́. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀kọ́ náà sì ni kó má fẹ́ irú bàbá rẹ̀.

A ní awuyewuye kan pẹ̀lú fíìmù yìí, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Gianna àti Lilly ló mọ Bruno jù nínú gbogbo ìtàn, wọ́n sì fún wọn ní ìwọ̀nba àyè. Àwọn obìnrin tó kù, wọ́n ń kọjá bí ọkọ̀ tí wọ́n ń ré kọjá: àwọn ọmọ Jámánì méjì tí wọ́n tẹ̀ lé títí dé ibojì òkú, àwọn tó ń ṣe ìpolongo ara wọn fún ijó. Ìránṣẹ́kùnrin tí Bruno fi ṣẹ̀sín, fíìmù náà bá a rẹ́rìn-ín. Kò padà wá bi í bóyá ó dùn ún. Àwọn kan á ní ojú Bruno ni a fi ń wo ayé, òun ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Risi ti fi hàn pẹ̀lú irun Ìyàá Lidia pé òun lè dúró lẹ́yìn tí Bruno bá lọ, kí òun wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló ṣe é dáadáa. A fẹ́ kó ṣe é sí i.

Nípa ikú Roberto fúnra rẹ̀, àwọn kan sọ pé ó bá ni lójijì jù, pé ẹ̀fẹ̀ ò yẹ kó parí síbẹ̀. A ò gbà. Ẹ padà lọ wò ó. Ní Castiglioncello, Roberto ti fi fóònù wá Valeria, ọmọbìnrin tó ń gbé òdìkejì ilé rẹ̀ ní Róòmù, tí kò láyà láti bá sọ̀rọ̀ rí. Viareggio ni Valeria wà. Wọ́n forí lé ibẹ̀. Lójú ọ̀nà, Roberto tó ń bẹ̀rù láti àná ló wá ń sọ fún Bruno pé kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́, kó ré e kọjá. Ẹnu rẹ̀ ló ń sọ ọ́ báyìí, kì í ṣe ohùn inú mọ́. Ó ti kọ́ èdè Bruno tán. Wọ́n dé kọ́nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, nítòsí Calafuria, ọkọ̀ akẹ́rù yọ níwájú. Bruno fò jáde. Roberto bá ọkọ̀ lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó fò jáde. Kì í ṣe àyànmọ́ lásán ni. Ẹni tó ti ń fò jáde kúrò nínú gbogbo nǹkan láti ọjọ́ yìí, nínú ilé, nínú gbèsè, nínú jíjẹ́ bàbá, ara rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fò. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré kò tíì kọ́ ìyẹn. Ẹni tó bá ń pe èyí ní ìjìyà fún ọmọ tó fi ìwé sílẹ̀, ó ti ka ikú náà sí ọrùn ẹni tó kéré jù nínú ọkọ̀.

Kí ẹ má bàa dìde nídìí Il sorpasso pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, ẹ wá fíìmù kékeré kan tẹ̀ lé e: Pranzo di Ferragosto, tí Gianni Di Gregorio kọ, tó darí, tó sì ṣe olórí eré inú rẹ̀ ní 2008. Kò tó wákàtí kan ààbọ̀. Ọjọ́ kan náà ni, ìlú Róòmù kan náà tó dá páropáro ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ sí etíkun ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Gianni ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ arúgbó, gbèsè owó ilé ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń bójú tó ilé náà ní òun á pa gbèsè rẹ́, tó bá lè bá òun tọ́jú ìyá òun fún ọlidé. Nígbà tó máa dé, ìyá nìkan kọ́ ló kó wá, àǹtí wà nílẹ̀. Dókítà náà gbé ìyá tirẹ̀ wá. Kí Gianni tó mọ̀ ọ́n, ìyá arúgbó mẹ́rin ló wà nílé: èyí ò gbọdọ̀ jẹ wàràkàṣì, èyí ń jà nítorí tẹlifísàn, èyí jáde lálẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Gianni ń se oúnjẹ, ó ń mu wáìnì rẹ̀, ó ń mí kanlẹ̀.

Fíìmù kejì yìí dáhùn ìbéèrè tí èkíní fi sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ré ara wọn kọjá lójú ọ̀nà Aurelia, ìyá ta ni wọ́n fi sílé? Ọlidé ẹnìkan, ẹlòmíràn ló ń bá a ru ẹrù rẹ̀. Bruno kò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Gianni ò ní ọ̀rọ̀ ńlá kan láti sọ sí i, oúnjẹ ló ń gbé kalẹ̀. Ó mọ ẹni tí egbòogi rẹ̀ wà ní aago mẹ́jọ. Nígbà tí Ferragosto parí, àwọn ìyá náà ò fẹ́ lọ mọ́. Ìgbádùn wà nínú ilé yẹn náà, ó kàn ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá ni.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jókòó sílé o. Tí ẹ bá rí owó ọkọ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá fọn fèrè nísàlẹ̀, ẹ bọ́ síta, òkun ò ní wá bá yín nílé. Il sorpasso fúnra rẹ̀ ò ní kí ẹ má lọ. Kò sí fíìmù tó mú etíkun wuni tó o. Ohun tó ń bi yín ni bóyá ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ọkọ̀ ti rẹ̀, bóyá ẹ̀rù ń bà á, bóyá "kò burú" tó ń sọ yẹn, kò burú ni lóòótọ́. Ọ̀nà jìn, àkókò wà láti bi í. Ẹ bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú.